Iná Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Ilẹ̀

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í kíra wa mọ́. Bí a bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, òun á kọjú sógiri, èmi á máa tẹ fóònù mi. Àwọn ẹbí bẹ̀ wá títí ó fi sú wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri Bẹ́yẹrúnká, àdúgbò wa, pé yàrá ìyá wa la torí ẹ̀ jà. Àwọn mìíràn ní mo fi òògùn ba iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ni. Yàrá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Gílóòbù pupa kan ni, irú èyí tó máa ń tàn lójú rédíò. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò ní gbe ara mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mi ò ní gbe òun náà lẹ́yìn.

Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Olùkọ́ físíìsì ni mí nílé-ìwé gírámà kan. Òun ní ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ, níbi tó ti ń wé wáyà inú ẹ̀rọ tó bá jóná: fáànù, pọ́ńpù tó ń fa omi, ẹ̀rọ ìlọta. Á tú wáyà tó jó, á ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, á wá fọwọ́ wé tuntun síbẹ̀, ní ìpele lórí ìpele, títí kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tó wé jọ, yóò fi rí bíi pé láti ilé iṣẹ́ ló ti jáde. Láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti máa ń gbé ẹ̀rọ wá bá a. Èèyàn burúkú ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dára. Mi ò ní fi ti àkọ́kọ́ bo ìkejì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó mi tú ká, mo kó ẹrù mi padà sí agbo ilé wa. Ìyá wa gbà mí sínú yàrá rẹ̀, yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri àdúgbò kejì. Ọdún mẹ́ta la jọ sùn níbẹ̀. Nígbà tó kú, mo jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ létí mi pé ọmọbìnrin kì í hu gbòǹgbò sílé baba rẹ̀. Mo ń dá a lóhùn pé "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," mo sì ń tẹ́ ẹní ìkírun mi.

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ iná náà ti jáde. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lásìkò ọyẹ́. Ìgbà yẹn, iná ìjọba ti lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù rẹ̀ wá, èyí tó fi ń wo ibi tí Kìbúlà wà kó tó kírun. Ó ní abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń gbọ̀n, kí ló ń ṣe é?

Èmi tí mo fẹ́ràn kí n máa kọ́ni, mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan, pé òun ló ń fa abẹ́rẹ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ǹ bá dúró sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún sọ pé mágínẹ́ẹ̀tì yìí kì í dúró sójú kan, pé oòrùn ń ta á jí, pé agbára rẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe agbára rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ó tẹjú mọ́ fóònù náà. Ó wá ní, "Ó ń yí padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Lójoojúmọ́?"

"Ní wákàtí wákàtí, àní."

"Mágínẹ́ẹ̀tì tó bá ń yí padà nítòsí kọ́ìlì," ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "iná á wọ kọ́ìlì náà. Ìyẹn ò nílò ìwé. Èmi náà mọ ìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ayé ń ṣe nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ṣùgbọ́n àyípadà ti ilẹ̀ kéré, ó sì lọ́ra. Iná tó máa mú wá kò ní tó jí eṣinṣin lójú oorun." Mo padà sídìí ìwé ìdánwò mi. Ó mú fóònù rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ti tán.

Láàárín oṣù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wáyà bàbà tín-ín-rín wá sílé, irú èyí tó ń kù nínú àwọn mọ́tò tó bá tú. Ó so wọ́n pọ̀ lójú kan lójú kan, ó ń fi vánìṣì kun oríta ibi tí wáyà ti pàdé. Ó kan pákó mẹ́rin pọ̀ bíi férémù ìlẹ̀kùn, ó wé wáyà náà mọ́ ọn, ó ń kà á lẹ́nu bí ẹni ń fi tẹ̀súbáà ṣe àsíkìrì. Ó so mítà tó fi ń wọn iná mọ́ ìdí rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ sí Bẹẹrẹ, á gbé férémù náà dúró sí ibì kan nínú agbo ilé, á wo mítà, á fi ẹfun sàmì sílẹ̀. Iwájú ilé, abẹ́rẹ́ mítà kò mira. Àgbàlá, ó mira díẹ̀. Bó ṣe ń lọ sẹ́yìn ni abẹ́rẹ́ ń gòkè. Mo rí àmì ẹfun náà bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ ẹnu ọ̀nà mi, bíi ti ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tó fẹ́ gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ti ilé ìwẹ̀ bọ̀, mo bá ìlẹ̀kùn mi ní ṣíṣí. Ó wà láàárín yàrá, ó gbé férémù rẹ̀ dúró ti bẹ́ẹ̀dì ìyá wa. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún gírísì wà lórí ẹní ìkírun mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe nínú yàrá mi?"

"Yàrá ta?" Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Wá wo nǹkan."

Ó ti yọ mítà, ó ti so gílóòbù pupa pínnísín kan mọ́ ojú wáyà méjèèjì. Gílóòbù náà ń tàn. Kò mọ́lẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n ó ń tàn, kò sì sí bátìrì kankan níbẹ̀.

"Ilẹ̀ ló ń tan iná yẹn," ó ní. Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. "Ibí yìí ni agbára ilẹ̀ ilé wa kó jọ sí. Ibi tí ìyá wa ti kírun fún ogójì ọdún. Bí mo bá wé wáyà yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá yìí ká, gbogbo agbo ilé ni yóò níná. Ìwọ á kó lọ sí yàrá iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná."

Mo wo gílóòbù. Mo wo fèrèsé. Lẹ́yìn fèrèsé yẹn, lókè ògiri, tiransifọ́mà àdúgbò wà lórí òpó méjì, ó ń kùn bí ilé oyin. Ó ń kùn nítorí pé iná ìjọba wà láàárọ̀ yẹn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń tan gílóòbù ẹ̀gbọ́n mi. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú tiransifọ́mà náà ń ju agbára mágínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ káàkiri, kọ́ìlì sì ń gbá a mú. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń gòkè bó ṣe ń súnmọ́ ẹ̀yìn ilé.

Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ. Mo wo bàtà yẹn lórí ẹní mi, mi ò sọ ọ́.

"Ẹ jáde kúrò nínú yàrá mi," ni mo wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbìyànjú bí olùkọ́. Mo ṣe ìṣirò sórí ìwé, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ lẹ́yìn tí ilé-ìwé jáde. Mo fẹ́ fi hàn án pé bó bá wé wáyà yí gbogbo Òkè Mápó ká, ohun tí yóò rí gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ kò ní tan gílóòbù kan. Mi ò dárúkọ tiransifọ́mà. Mo sọ fún ara mi pé ìṣirò ti tó.

Oníbàárà méjì wà níbẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi nu gírísì ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé o mọ ẹni tó yẹ kó mọ ìṣirò yìí nílé wa?" ó bi mí. "Nígbà tí bàbá kú, kíláàsì kẹta ni mo wà. Èmi ni mo gba ipò kìíní nínú ìṣirò lọ́dún yẹn. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ kí ìwọ lè dàgbà. Mo lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí lo fi ka físíìsì. O wá gbé ìwé wá bá mi níbi iṣẹ́ mi, níwájú àwọn oníbàárà mi, pé ọ̀dẹ̀ ni mí."

"Mi ò sọ pé ọ̀dẹ̀ lẹ jẹ́."

"Jáde."

Mo jáde. Mo rìn láti Bẹẹrẹ dé ilé, mi ò wọ ọkọ̀. Inú ń bí mi débi pé mi ò dá ẹni tó kí mi lóhùn. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ kó rọ ọkàn mi kò mọ bó ṣe rí kí wọ́n máa ran èèyàn létí oore láti kékeré. Gbogbo ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ka oore yẹn sí mi létí. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti pinnu. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà fún un. Màá jẹ́ kó gun igi náà dé orí.

Kò pẹ́ tí gbogbo agbo ilé fi mọ̀. Ó ń pe wọ́n wá wo gílóòbù náà nígbà tí mo bá wà nílé-ìwé. Àgádágodo tí mo fi sílẹ̀kùn, ó tú u. Wọ́n gbà á gbọ́. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Ooru mú gan-an lọ́dún yẹn, iná ìjọba sì lè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ bí yóò ṣe ra fírísà. Ìyàwó àbúrò bàbá wa, ẹni tó ń ránṣọ, ti pinnu ibi tí máṣíìnì oníná rẹ̀ máa wà. Gbogbo nǹkan ti tán, ó ku kí ẹnì kan kó kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn.

Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Nígbà tí mi ò gbà, wọ́n yí i padà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé o fẹ́ kí gbogbo wa wà lókùnkùn torí bẹ́ẹ̀dì ẹyọ kan?" Mo ní kò sí iná kankan nínú ilẹ̀. Ó ní ojú òun ló fi rí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń pín sàráà ọjọ́ Jímọ̀, abọ́ mi kì í dé. Aṣọ tí mo bá sá sórí okùn, ilẹ̀ ni màá ti ṣà á. Ẹnì kan da omi inú ìkòkò mi nù, ó sì dojú ìkòkò náà délẹ̀ dáadáa kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe ewúrẹ́. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò wá mọ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi jẹ́ àlejò nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ tiransifọ́mà yẹn tó ń kùn lẹ́yìn fèrèsé mi, ni mo ń sọ fún ara mi pé: ẹ máa ṣe é lọ.

Nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Mọ́gàjí ìdílé wa lọ, àgbà tó jẹ́ olórí gbogbo agbo ilé. Wọ́n dá ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Alásárì, nínú yàrá ìyá wa gan-an, kí kálukú lè fojú ara rẹ̀ rí i. Mọ́gàjí jókòó lórí àga mi. Àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìyàwó ilé kún ẹnu ọ̀nà. Fáànù ń yí lókè, iná wà.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ dàńṣíkí funfun. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò rí i kó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ bí ilẹ̀ ayé ṣe jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, bí oòrùn ṣe ń ta á jí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó wá so gílóòbù mọ́ wáyà. Ó tàn. Àwọn obìnrin kígbe "Àlùàmúdù lílááì!" Ọ̀kan nínú àwọn àgbà fi ọwọ́ kàn án, ó yára fà á sẹ́yìn.

Mọ́gàjí ní, "Ṣé tọ̀sán tòru ló ń tàn báyìí?"

"Tọ̀sán tòru, bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Mọ́gàjí kọjú sí mi. "Ìwọ tíṣà ńkọ́? Wọ́n ní ìwọ nìkan lo ń di ọ̀nà. Kí lo ní í sọ?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká jókòó báyìí títí wọ́n á fi mú iná lọ."

"Kí ló kan iná ìjọba níbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde.

"Bí kò bá kàn án, ẹ̀gbọ́n, kí ló burú níbẹ̀ bí a bá dúró?"

Ó ní òun ní oníbàárà tó ń dúró de òun. Ó ní ìwà àfojúdi ni. Mọ́gàjí wò ó díẹ̀, ó ní, "A ó dúró."

Ó tó wákàtí kan. Wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ọjà Ọjà'ba àti ẹsẹ̀ tó ń dun wọn. Mi ò mu nǹkan kan. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń wo pupa kékeré yẹn. Mò ń gbàdúrà, mi ò ní parọ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n mú iná lọ.

Fáànù dúró.

Gílóòbù kú lójú ẹsẹ̀ kan náà. Kùnkùn tó ń dún lẹ́yìn fèrèsé náà dákẹ́, gbogbo wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé ó ti ń dún látẹ̀yìnwá.

Gbogbo ojú tó wà nínú yàrá yẹn wo gílóòbù. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ni kò wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò ó rárá. Èmi ló ń wò.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó mọ̀. Mi ò rò ó débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé àìmọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wé kọ́ìlì láti ìgbà èwe, báwo ni kò ṣe ní í dá ohùn tiransifọ́mà mọ̀? Báwo ni gílóòbù á ṣe máa kú ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, tí kò ní rí i? Ó ti rí i. Ó kàn fẹ́ kó jẹ́ ilẹ̀ ni. Tàbí yàrá ló fẹ́. Títí di òní, mi ò mọ èwo ni.

Mo dìde. Mo kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ kíláàsì kìíní. Mo nàka sí fèrèsé, mo fi tiransifọ́mà hàn wọ́n, mo sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ọmọdé á fi yé. Ìyàwó tó ń ránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, ẹnu ọ̀nà kún fún ẹ̀rín.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "Látọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

"Látọjọ́ tí ẹ fi bàtà tẹ ẹní mi."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n pe àwọn àgbà jọ."

Bóyá bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ní àtúnṣe. Mi ò dákẹ́. Mo ní, "Ìwọ náà mọ̀. Irọ́ lo ń pa."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mo ti pe àkọ́bí ìyá mi ní "ìwọ" lójú gbogbo ẹbí, nínú yàrá tí wọ́n bí wa sí. Ẹnì kan sọ "Háà!" Ìyàwó rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sídìí férémù rẹ̀. Ó yọ gílóòbù, ó fi í sápò, ó gba àárín wọn jáde.

Mọ́gàjí dá mi láre lórí yàrá. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní, "O jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó jàre náà lè jẹ́ ìkà. Oṣù méjì lo fi gbẹ́ kòtò yìí sílẹ̀ fún un."

Mo ní, "Bàbá, oṣù méjì tí wọ́n fi ń da omi mi nù ńkọ́?"

Ó mi orí, ó gbé ọ̀pá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé Bẹẹrẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Wọ́n ń pè é ní Oníná-Ilẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lójú ọ̀nà á na ọwọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá, wọ́n á ní "Ó gbé mi o!" bíi pé iná ilẹ̀ gbé wọn. Nílé, àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ló tún kórìíra mi jù. Wọ́n ní èmi ni mo dójú ti ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé férémù rẹ̀ wá, ó fi dí ẹnu ọ̀nà mi látìta, ó kọ̀ láti gbé e kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí adìyẹ. Nígbà tí mo rí yàrá kan gbà ní Yemetu, mo kó lọ. Mo gé kọ́ìlì náà kúrò lára pákó, mo fi aṣọ wé e, mo kó o mọ́ ẹrù mi. Ó ránṣẹ́ pé kí n dá wáyà òun padà. Mo ní mi ò rí wáyà kankan.

Irọ́ ni. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí di ìsinmi ọdún yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oko lọ́nà Ìgbóọrà, níbi tí òpó iná kò dé rárá. Mo gbé kọ́ìlì náà lọ síbẹ̀, pẹ̀lú mítà láàbù ilé-ìwé tó máa ń gbọ́ ohun tó kéré jù. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, mo jókòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, abẹ́rẹ́ mítà rìn, ó tó ìbú irun orí kan. Ó dúró. Ó tún rìn padà, ó lọ́ra bí ìgbín. Mo yí mítà padà, mo yẹ gbogbo oríta wò, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni. Kò lè jí eṣinṣin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni, nínú wáyà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé, tí oríta kan ṣoṣo kò já. Kọ́ìlì tó burú díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní gbọ́ ọ.

Mi ò sọ fún un. Mo rò ó wò, mo sì rí i pé mi ò fẹ́ kó mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, pọ́ńpù kànga ilé-ìwé wa jóná. Pírínsípà bi àwọn èèyàn, gbogbo wọn dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ. Ó rán bàbá tó ń ṣọ́ géètì, kò sì bi mí. Bàbá náà gbé pọ́ńpù padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó tán, ó dúró láàárín yàrá àwọn olùkọ́, ó ń làágùn.

"Ó bi mí pé ilé-ìwé wo," ó ní. "Mo sọ ọ́. Ó ní kí n gbé e padà, kí n sọ fún tíṣà físíìsì yín pé kó wé e fúnra ẹ̀."

Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Pírínsípà wò mí. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, mọ̀dáámù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi."

A gbé pọ́ńpù náà fún ẹlòmíràn ní Oníyanrìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò, ó tún jó. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, kò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Pírínsípà pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní kí n jọ̀ọ́, nítorí àwọn ọmọ, kí n lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní àgbà ni, á gbọ́.

Mo sọ fún pírínsípà pé mi ò ní lọ. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi okùn fa omi. Mo ní èmi náà á máa bá wọn fà á. Láti ọjọ́ náà, láàárọ̀ kí bẹ́ẹ̀lì tó lù, mo máa ń ká ọwọ́ aṣọ mi, mo máa ń fa korobá mẹ́wàá.